Wọ́n Kun Àkàbà, Wọ́n Ní Kí Wọ́n Gbé E Padà: Àlàyé Lórí Àyẹ̀wò Àkàbà Níbi Iṣẹ́

Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, kò sí pẹ́ńtà tó ń rọ́wọ́ họrí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ayẹyẹ náà máa ń bọ́ sí, gbogbo onílé ló sì fẹ́ kí àlejò bá ilé òun ní dídán. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni àwọn pẹ́ńtà mẹ́rin kan tí mo mọ̀ rí iṣẹ́ gbà ní ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́nà Ṣàgámù. Àkàbà onígi tó wà lọ́wọ́ wọn ti gbó, ni wọ́n bá kun ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀ kó lè dà bíi tuntun. Ẹni tó ń mójú tó ààbò níbẹ̀, ẹni tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní sẹ́fítì, wo àkàbà náà fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní kí wọ́n gbé e padà sínú ọkọ̀. Wọ́n bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní, "Ọ̀dà tẹ́ ẹ kùn ún ni."

Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ìpàdé àwa oníṣẹ́-ọwọ́, ó ti di nǹkan mìíràn. Àwọn kan ní ìjọba ti fòfin de àkàbà onígi. Àwọn kan ní alumíníọ̀mù nìkan ni wọ́n ń gbà báyìí, pé wọ́n fẹ́ fi lé tálákà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ní rìbá ni ọkùnrin yẹn ń wá. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ọ̀dà kíkùn jẹun, mo sì ti rí ohun tí àkàbà ń fojú ọmọ èèyàn rí. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò àkàbà?

Ká kọ́kọ́ fún àwọn ẹ̀yà àkàbà lórúkọ kí a lè jọ máa gbọ́ ara wa. Igi tàbí irin gígùn méjì tó dúró lọ́tùn-ún lósì ni màá máa pè ní òpó. Àwọn tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láàárín wọn ni màá máa pè ní ìdábùú. Àyẹ̀wò kò ju pé kí èèyàn fojú wo òpó àti ìdábùú wọ̀nyí, kó fọwọ́ kàn wọ́n, kó mì wọ́n, kó tó gbé ara rẹ̀ lé wọn.

Ẹni tó bá mọ adẹ́mu ti mọ àyẹ̀wò. Bàbá kan wà lẹ́bàá Òdogbolú tí mo máa ń ra ẹmu lọ́wọ́ wọn nígbà tí mò ń kun ilé kan níbẹ̀. Kí bàbá yìí tó fi igbà kọ́ ọ̀pẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ibi kókó ni wọ́n máa ń pẹ́ sí jù. Wọ́n á ká a kò, wọ́n á wò ó bóyá fọ́nrán kan ti ń yọ. Bí wọ́n bá wá gbé e kọ́ ọ̀pẹ tán, wọ́n á fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ṣì wà nílẹ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe gbogbo èyí?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojoojúmọ́ kọ́. Ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ni."

Ohun tí òfin ààbò òṣìṣẹ́ ń béèrè kò tó tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n yẹ àkàbà wò kí ẹnikẹ́ni tó kọ́kọ́ gùn ún ní sáà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ní Bìrìtìkó, ìmọ̀ràn tí àjọ ààbò iṣẹ́ wọn ń fún àwọn èèyàn náà ni pé kí ẹni tó fẹ́ lò ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, àti nígbà tí nǹkan bá yí padà, bí àpẹẹrẹ bí àkàbà bá ṣubú. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó wà lágbègbè Ṣàgámù, tí ọ̀pọ̀ wọn ń bá ilẹ̀ òkèèrè dòwò pọ̀, ti mú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wọ inú ọgbà wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dà bí àjèjì létí wa.

Àyẹ̀wò pín sí méjì, ibẹ̀ ló sì ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Èkíní ni ti ojoojúmọ́, tí ẹni tó fẹ́ gun àkàbà fúnra rẹ̀ ń ṣe. Kò gba ìwé, kò gba owó, kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Èkejì ni èyí tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe látìgbàdégbà, tí yóò kọ sínú ìwé, tí yóò sì so páálí kékeré mọ́ àkàbà: àwọ̀ ewé bó bá dára, pupa bí kò bá dára. Páálí àwọ̀ ewé kò ní kí o má yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n so ó nìkan ló ń jẹ́rìí sí. Bí wọ́n bá ti ọkọ̀ ju àkàbà sílẹ̀ lánàá, páálí kò lè sọ fún ọ.

Kí ló wá burú nínú ọ̀dà?

Ẹ rántí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ọ̀dà sí lára. Ẹni tó gbọ́n kì í wo dídán rẹ̀, á máa fi ìka kan ara rẹ̀ kiri ni, torí ó mọ̀ pé abẹ́ ọ̀dà ni ìpẹtà ń sá pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkàbà onígi. Igi a máa là, ikán a máa wọ̀ ọ́, òjò a máa jẹ ẹ́ láti inú. Gbogbo èyí ló ń fi àmì hàn lára igi: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́, ibi tó dúdú ju ìyókù lọ. Bí o bá ti kun ún, o ti pa àwọn àmì yẹn rẹ́. Ìdí tí ìlànà fi ní kí wọ́n má fi ohun tó lè bo àbùkù mọ́lẹ̀ kun àkàbà onígi nìyẹn. Àkàbà onígi fúnra rẹ̀ kò di èèwọ̀. Fáníìṣì tó mọ́ gaara, tí a ṣì lè rí ara igi lábẹ́ rẹ̀, kò burú. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ orúkọ yín sí i kí wọ́n má jí i, ibi kékeré kan lára òpó ti tó.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ti kun àkàbà rí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni iṣẹ́ náà wà. Ọ̀dà búlúù tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ kan ni mo fi kùn ún, inú mi sì dùn sí bó ṣe rí. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ìdábùú karùn-ún já mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ gba ilẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Oṣù méjì ni kò fi lè di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tán, mo padà lọ mú igi tó já náà, mo jókòó tì í. Ẹ̀bá ìṣó ló ti já. Ojú ibi tó já kò rí bákan náà. Apá kan funfun, ó rí ṣákaṣàka, ẹ rí i pé ọjọ́ yẹn gan-an ló ya. Apá kejì, tó ju ìdajì lọ, dúdú, ó sì ń dán bí ohun tó ti ń fi ara ra ara fún ìgbà pípẹ́. Nínú apá dúdú yẹn, ọ̀dà búlúù ti ṣàn wọlé, ó ti gbẹ síbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé igi náà ti là kí n tó kùn ún. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì mi kọjá lórí rẹ̀, ọ̀dà ń wọnú rẹ̀, n kò rí i. Bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá ọmọ náà ló pọ́n mi lójú jù lọ láyé mi.

Níbo ló yẹ kí ojú àti ọwọ́ lọ?

Ilẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá àkàbà dùbúlẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti alumíníọ̀mù sábà máa ń ní rọ́bà lẹ́sẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti sọnù tàbí tó ti jẹ tán, àkàbà yẹn ti di tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, bó bá sì wà lórí táìlì, yóò máa yọ̀ lọ ni. Ti onígi, ìsàlẹ̀ òpó ni omi àti ikán ti ń wọlé, pàápàá bó bá ń sùn síta lóde ilẹ̀ wa tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu tó ti jinná, ẹ má wulẹ̀ dé òkè.

Láti ibẹ̀, ẹ fi ojú kan tọ òpó láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà tó gùn. Òpó tó bá tẹ̀ tàbí tó lọ́ yóò fara hàn. Alumíníọ̀mù tó ti tẹ̀ rí, tí wọ́n wá fi òòlù nà padà, kò lágbára mọ́. Irú irin yẹn kì í gbàgbé pé òun ti tẹ̀ rí.

Ìdábùú ló kàn, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ní ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ gbìyànjú láti yí i bí ẹni ń fún aṣọ. Èyí tó bá yí tàbí tó dún gìrìgìrì ti ń kúrò nípò rẹ̀. Ní ti onígi, ẹ wo bí wọ́n ṣe kàn án. Ọ̀pọ̀ àkàbà tí a ń kàn níhìn-ín, orí òpó ni wọ́n kàn ń gbé ìdábùú lé, wọ́n á fi ìṣó méjì méjì kàn án mọ́ ọn. Gbogbo ìwọ̀n ẹni tó ń gùn ún, orí ìṣó ló wà. Káfíńtà tó mọṣẹ́ máa ń gbẹ́ ojú òpó díẹ̀ kí ìdábùú lè jókòó sínú rẹ̀, kí igi gbé igi, kí ìṣó kàn dì í mú. Bí ẹ bá fẹ́ kan tuntun, ẹ ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n fi pákó tó ní kókó ṣe ìdábùú, ibi kókó ni igi ti ń dá. Ẹ sì fi ìdí òòlù gbá igi náà: igi tó yè máa ń dún kẹ̀ǹkẹ̀, èyí tó ti jẹrà nínú máa ń dún bùbù.

Ní ti alumíníọ̀mù, ibi tí ìdábùú ti pàdé òpó ni kí ẹ tẹ́jú mọ́. Ẹ wo àwọn ìdè kéékèèké orí rogodo bóyá wọ́n ti ń mì, àti bóyá ìlà là-là kankan ń jáde lára wọn.

Àkàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó máa ń dá dúró, ní irin méjì láàárín tó ń di ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn mú kí wọ́n má ya. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì nà tán gbọnrangandan. Okùn kò lè rọ́pò wọn. Èyí tí wọ́n ń fà gùn, ẹ wo ìkọ́ tó ń gbé apá òkè ró, kí ẹ sì jẹ́ kí apá méjèèjì gun ara wọn ní ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 3. Ti ọparun, wíwo bóyá ó ti pín ní gígùn láàárín kókó méjì àti bóyá okùn tí wọ́n fi dì í ti gbó ti tó.

Àti ẹrọ̀fọ̀. Ní ìgbà òjò, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà á ti kó amọ̀ pupa ilẹ̀ wa dé orí ìdábùú kẹta kí èèyàn tó mọ̀. Ẹ nu àkàbà, ẹ nu bàtà. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó yọ̀ kì í bi àkàbà léèrè bóyá igi rẹ̀ yè.

Kí ni nọ́ńbà tó wà lára àkàbà ń sọ?

Àkàbà tí wọ́n bá ṣe ní iléeṣẹ́ máa ń ní ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́nà ìlànà Yúróòpù lóde òní máa ń kọ 150 kílò síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ìwọ̀n ara èèyàn nìkan ló ń sọ. Rárá o. Èèyàn ni, àti ohun gbogbo tó gbé dání.

Ẹ fi àpò sìmẹ́ńtì wò ó. Àpò kan jẹ́ 50 kílò, nítorí náà àpò mẹ́ta ni gbogbo ohun tí àkàbà yẹn lè gbé. Bíríkìlà tó wọ̀n 85 kílò tó gbé àpò sìmẹ́ńtì kan léjìká ti di 135 kílò. Bí lébírà kan bá tún tẹ̀ lé e láti fọwọ́ ti àpò náà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí i ní sáìtì lójoojúmọ́, wọ́n ti kọjá 150 kílò nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà lórí irú àkàbà bẹ́ẹ̀. Bí ìwé náà bá sì ti ya kúrò tí ẹ kò lè kà á mọ́, àbùkù kan nìyẹn náà nínú àyẹ̀wò.

Ti onígi tí káfíńtà kàn kò ní nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí ó máa gbé èèyàn kan àti irinṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi okùn fa ẹrù tó wúwo sókè.

Bí àkàbà bá yè, ṣé ó ti parí?

Kò tíì parí, torí àkàbà tó dára lórí ilẹ̀ tí kò dára yóò gbé èèyàn ṣubú bákan náà. Ìṣirò kan wà tó rọrùn: bí ibi tí orí àkàbà fara tì bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Bó bá ga ní 12, kó jìnnà ní 3. Bí ẹ kò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ dúró kọjú sí àkàbà kí orí ìka ẹsẹ̀ yín kan ìdí òpó, kí ẹ na apá síwájú gbọnrangandan ní ìwọ̀n èjìká. Bí àtẹ́lẹwọ́ yín bá kan ìdábùú láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ó dúró dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ ti orí rẹ̀ bọ́ sórí òrùlé, kí àkàbà ga ju etí òrùlé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 kí ẹ lè rí ohun dì mú. Ẹ má tẹ ìdábùú mẹ́ta tó wà lókè pátápátá lára àkàbà tó fara ti ògiri.

Wáyà iná ńkọ́? N'Ìjẹ̀bú-Òde, wáyà a máa kọjá níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí okùn aṣọ. Alumíníọ̀mù ń gbé iná, igi tútù náà ń gbé e. Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó na àkàbà dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí àkàbà àti ẹ̀yin fúnra yín jìnnà sí wáyà ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó kéré tán. Bí iṣẹ́ bá wà nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná láìnì náà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín. Pé "NEPA ti mú iná lọ" kì í ṣe pípa iná, torí a kò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un dé.

Bí àkàbà kò bá yè, kí la máa ṣe sí i?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí àbùkù, wọ́n á gbé àkàbà náà ti ògiri lẹ́yìnkùlé, wọ́n á ní àwọn máa tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀ lánàá á lọ gbé e. Bó bá ṣeé tún ṣe, ẹ kọ "Ẹ MÁ GÙN ÚN" gàdàgbà sára páálí, ẹ so ó mọ́ ibi tí ojú máa kọ́kọ́ rí, kí ẹ sì tì í mọ́nú yàrá. Ẹ má fi wáyà wé ìdábùú tó là, wáyà kì í jẹ́ kí igi rẹ́ padà.

Bí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ fi ayùn gé òpó méjèèjì sí wẹ́wẹ́ ní ojú ara yín. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn, owó ló fi rà á. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti kùn rí, ẹ má kó igi rẹ̀ fún ìyá olójòjò pé kí wọ́n fi dáná, èéfín ọ̀dà kò dára fún oúnjẹ.

Bí ẹnì kan bá ti já bọ́ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ni owó gbà-má-bínú. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí irú owó bẹ́ẹ̀, ń bójú tó, kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú òfin náà, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà jẹ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ṣe àdéhùn. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó náà, náírà 1 nínú 100 náírà owó oṣù tó ń san, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́.

Ẹni tó bá farapa, tàbí ará ilé rẹ̀, ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Nítorí náà, ní wákàtí tí ó bá ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn, kí ẹnì kan fi fóònù ya àwòrán àkàbà náà, ibi tó já, àti ilẹ̀ tó dúró lé, kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀.